Bíìmù Tó Tẹ̀ Lórí Fóònù

Odidi oṣù kan ni ìyá tó tọ́ mi fi ń bá àga sọ̀rọ̀ nítorí àwòrán tí mo yọ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Mi ò ṣàwàdà o. Bí mo bá wọlé, tí mo kúnlẹ̀, tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," obìnrin yìí á yíjú sí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì ìránṣọ rẹ̀, á ní, "Àga, bá mi sọ fún ẹni tó wọlé yẹn pé mo ti jí." Èmi á wo àga. Àga náà á máa wò mí. Kí ni kí n wá ṣe? Mo máa ń dá àga lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé wèrè wà nínú ìdílé wa.

Àbúrò ìyá mi ni Màmá. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò, àbúrò rẹ̀ yìí ló pọ̀n mí lọ sílé rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, iṣẹ́ télọ̀ tó ń ṣe ló sì fi sọ mí di ẹnjiníà. Ó sanra. Mo ti sọ ọ́, ó tán. Ó sanra dáadáa, ara rẹ̀ ń dán. Bó bá jáde sí títì tó fẹ́ lọ sí Ìdó-Ilé, àwọn ọlọ́kadà á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn ná. Kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn sí àbùkù lọ́dọ̀ wa, àmì pé ayé gba ẹni ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wá gbé ìwọ̀n rẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìwọ̀n àyà àti ìdí gbogbo obìnrin ìlú ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó máa ń sọ pé télọ̀ tó bá ń sọ ìwọ̀n oníbàárà kiri, kí wọ́n gba téèpù lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ọkọ́.

Òun ni olórí áótò, àwọn obìnrin olóhùn ìsàlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ohùn ńlá ni. Àmọ́ ibi tí áótò ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òpó gìrìwò kan ló dúró síwájú wọn. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òpó yẹn ni Màmá ń kọrin fún. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gálárì sókè ẹ̀yìn, níbi tí àwọn akọrin yóò ti máa wo gbogbo ìjọ láti òkè, kò sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn tó o. Wọ́n kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màmá ò ráhùn. Ọdún tí wọ́n wá ní àwọn akọrin máa gòkè nígbà Ìkórè, ó ti rán aṣọ akọrin tuntun, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó ń wò ó láràárọ̀.

Èmi ní tèmi, Àrámọkọ ni mo ń gbé, iṣẹ́ bíìmù ni mo sì ń ṣe. Bíìmù ni kọnkéré gbọọrọ tí wọ́n to irin sínú rẹ̀, tó lọ láti ògiri kan dé èkejì, tó gbé òkè ilé dúró. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ bi bóyá bíìmù rẹ̀ á gba ẹrù. Mo ní "ló yẹ". Ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà tí ilé bá ti ń pariwo ni wọ́n tó ń pè mí.

Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa kì í ṣe irú wọn. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ọkùnrin tí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ tó kọ́ gálárì yìí pọ̀ jù. Wá yẹ bíìmù rẹ̀ wò fún wa kí àwọn akọrin tó gùn ún." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, mo sì yìn ín. Mo lọ, mo wọn bíìmù náà lóòró àti níbùú, mo wá ẹni tó to irin sínú rẹ̀ rí, ó ṣàlàyé fún mi, mo padà sí Àrámọkọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Èèyàn á fa ìlà kan, ìlà yẹn ni bíìmù. Á wá gbé ẹrù lé e lórí, ẹrù kọ̀ọ̀kan á ní ọfà tó dojú kọ ilẹ̀. Kí n má baà gbàgbé èyí tí í ṣe ti ta ni, mo kọ orúkọ sára ọfà kọ̀ọ̀kan: tírébù, áótò, tẹ́nọ̀, báásì. Àwọn áótò ló pọ̀ jù, àárín gan-an ni wọ́n sì fẹ́ jókòó sí, nítorí náà ọfà tiwọn ló gùn jù. Ètò orí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ló kùn ún ní pupa. Mi ò rán an níṣẹ́. Ẹ̀rọ ni, kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Èsì jáde. Bíìmù náà le bí ojú ẹlẹ́ran. Ó gba gbogbo akọrin, bí wọ́n bá tiẹ̀ kó ìjọ kejì lé e pẹ̀lú dùùrù wọn, kò ní kọ̀. Ìtẹ̀ tí yóò tẹ̀ láàárín kò ju sísanra èékánná lọ. Mo yọ nǹkan méjì jáde láti fi ránṣẹ́ sí Alága: àwòrán bíìmù náà, àti tábìlì onínọ́ńbà tí gbogbo ìwọ̀n wà nínú rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ẹ ti máa fọkàn bá mi lọ. Ìtẹ̀ bíìmù kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Nítorí náà, ètò yẹn máa ń sọ ọ́ di ńlá nínú àwòrán, ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì, kí ẹnjiníà lè rí ibi tó ti tẹ̀. Á sì kọ ọ́ wínníwínní sí igun ìsàlẹ̀ pé òun ti sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí mo yọ àwòrán jáde, ó gé igun yẹn dà nù. Ohun tó kù ni bíìmù kan tó tẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí, ọfà pupa gìrìwò kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín, wọ́n sì kọ ÁÓTÒ gàdàgbà-gadagba sí i lórí.

Mo fi méjèèjì ránṣẹ́. Alága pè mí padà, ó ní, "Ọmọ mi, èyí ẹ̀kejì yẹn, èèrà ló kún inú ẹ̀ lórí fóònù mi. Àwòrán ló yé mi." Mo ní kò burú, sà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Mo lọ ra àgbàdo jẹ.

Kí n tó jẹ àgbàdo tán, ó ti fi àwòrán náà ṣọwọ́ sí gúrúùpù ìjọ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èsì ẹnjiníà rè é. Ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà."

Yéè! Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ó ti fọ́ nìyẹn. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà mú. Ìyá kan láti Ìkógòsì fi ohùn ránṣẹ́, ẹkún ló ń sun, ó ní a kò ní fi Ìkórè ṣòkú. Ọ̀kan nínú àwọn tẹ́nọ̀ ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Èwo lo ń sọ tipẹ́, ìwọ tí o kì í wá síbi ìdánrawò? Báásì kan béèrè bóyá áótò nìkan ló ń jẹun nínú ìjọ yìí ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kúkú sọ gálárì di ibi tí wọ́n á máa kó àga sí, àga kì í sanra. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwòrán lásán ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá, bíìmù ò ṣe nǹkan kan. Ta ló kà á? Àdúrà ti bò ó mọ́lẹ̀.

Alága ò tilẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó tẹ àwòrán náà sórí bébà, ó gbé rúlà rẹ̀ jáde. Ó wọn sísanra bíìmù lórí bébà, ó wọn ìtẹ̀ rẹ̀, ó ṣe ìṣirò, ó ní bí áótò bá jókòó sókè yẹn, bíìmù á sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan orí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ìṣirò rẹ̀ ò ní àléébù kankan. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ, ó ní tírébù, tẹ́nọ̀ àti báásì lè máa múra àtigòkè, ṣùgbọ́n kí àwọn áótò ṣì ní sùúrù nísàlẹ̀ ná. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní Màmá gbé ìwé orin rẹ̀ bojú títí ìsìn fi parí.

Ọjọ́ kejì ni takisí já a sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì mi ní Àrámọkọ. Kò jókòó. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Èmi tí mi ò sọ ìwọ̀n ìyàwó olè rí! Ìwọ̀n tèmi lo wá gbé sórí fóònù, o kùn ún ní pupa?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin, mo dọ̀bálẹ̀, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, gbogbo áótò ni."

Ó ní, "Ta ló ń jókòó láàárín?"

Kò dúró de èsì.

Ó ní, "Ó tán láàárín èmi àti ìwọ." Ó padà sínú takisí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àga sọ̀rọ̀.

Ẹ máa rò pé mo jókòó tẹtẹrẹ. Rárá o. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, mo pa ìsọdińlá yẹn rẹ́, bíìmù náà sì tọ́ gbọnrangandan lójú ẹ̀rọ. Mo yọ ọ́ jáde lọ́tun, mo gbé e síwájú Màmá. Mo ní, "Ẹ wò ó. Bó ṣe rí gan-an nìyí." Ó wò ó. Ó yíjú sí àga, ó ní, "Àga, bá mi sọ fún un pé ojú mi ò fọ́. Ó ti lọ tún un ṣe." Alága náà sọ ohun kan náà. Gbogbo ìjọ sọ ohun kan náà. Èyí tó tẹ̀, òtítọ́ ni. Èyí tó tọ́, èmi ni mo fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nà án. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ la kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ ògiri. Mo rántí pé òun náà ni mo fi ń jẹun.

Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ. Aṣọ tuntun yẹn ni, tó ṣì wà lára ògiri. Bí mo bá ń wọlé, tí mo ń bá àga ṣe ìjókòó ìdílé, ojú mi á lọ síbẹ̀, ojú Màmá náà á lọ síbẹ̀, àwa méjèèjì á sì gbójú kúrò. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ Ìkórè mọ́. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní láyé, mo sì ti fi ọfà pupa lé e kúrò níbi tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo máa ń sunkún nínú takisí bí mo bá ń padà lọ. Awakọ̀ kan tiẹ̀ bi mí pé ta ló kú.

Nígbà tí Ìkórè kù dẹ̀dẹ̀, ìgbìmọ̀ pè wá ní ìpàdé kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí àríyànjiyàn lè parí. Èmi sọ tèmi, Alága gbé rúlà sókè. Bó ṣe kù díẹ̀ kó di ìjà, Màmá dìde.

Ẹ mọ̀ pé àwọn bíríkìlà wa ní àṣà kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa yọ pátákó kúrò lábẹ́ dẹ́kìn tuntun, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ òkè ilé, bíríkìlà tó ṣe é ló máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹun. Bí iṣẹ́ bá dá a lójú, á jẹ àjẹyó. Bí kò bá dá a lójú, á ní òun ń gbààwẹ̀.

Màmá ní, "Alága, ẹ bá mi sọ fún ẹnjiníà yín. Èmi á gòkè. Òun á jókòó sábẹ́ àárín bíìmù, ibi tí ọfà wà. Á jẹ uyán. Èmi ni mo máa gún un."

Alága yíjú sí mi, bẹ́ẹ̀ a ò jìnnà síra wa. "Ó ní òun á gòkè, kí ìwọ—"

Mo ní, "Mo gbọ́, sà. Mo gbà."

Ẹ gbọ́ òótọ́: nọ́ńbà dá mi lójú. Ọkàn mi ni kò tíì ka nọ́ńbà. Àárọ̀ Sátidé tí wọ́n dá fún un, nínú takisí láti Àrámọkọ, mo ṣí tábìlì ìwọ̀n yẹn lórí fóònù mi, mo ń kà á bí ẹni ń ka sáàmù.

Mo bá ìjọ níbẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Wọ́n ti gbé àga kan àti àpótí kan sábẹ́ bíìmù. Bíríkìlà kan na okùn gbọọrọ láti ògiri dé ògiri lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rí i bí bíìmù bá sún mọ́ okùn. Alága ti gun àkàbà, ó di rúlà mú, ó wọ awò méjì léra. Ọ̀kan nínú àwọn áótò gbé iyán wá, ó funfun báláú, ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó. Mo fọwọ́. Ìjọ tò sára ògiri, ibi tí ó jìnnà sí mi dáadáa. Àwọn tó fẹ́ràn mi náà wà lára ògiri.

Màmá jáde láti ẹ̀yìn. Ó wọ aṣọ tuntun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, ó ń mí, ó ń dúró, ó tún ń gùn. Àwọn áótò yòókù wo ara wọn, ọ̀kan ní, "Ṣé àwa la máa wá gbé ilẹ̀ nìkan ni?" Gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n jókòó. Mo fọ́ òkèlè kan. Kò lọ sẹ́nu.

Màmá ní lókè, "Ẹ jẹ́ ká kọrin." Wọ́n sì kọ ọ́ o, wọ́n ń jó o, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, gbì, gbì. Alángbá kan tó ti ń gbé orí bíìmù yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ẹ̀rù bà á, ó já bọ́ pàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀fọ́ mi.

Ẹnì kan ké pé, "Ó ti ń já o!" Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. Báásì ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Tẹ́nọ̀ tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ gba ojú fèrèsé jáde. Alága fò láti orí àkàbà, bàtà rẹ̀ kan kù síbẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò sá, kì í ṣe ìgboyà o, ẹsẹ̀ mi ló kọ̀. Àwọn obìnrin òkè ò mọ nǹkan kan, orin ni wọ́n ń kọ.

Nígbà tí wọ́n rí alángbá tó ń mi orí lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé padà lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ń ní òun kò sá, afẹ́fẹ́ lòun lọ gbà. Alága gun àkàbà padà. Ó gbé rúlà sáàárín okùn àti bíìmù. Ó yọ awò kan, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, "Ibi tó wà kí wọ́n tó gòkè ló ṣì wà. Kò tẹ̀."

Ìjọ hó yèè. Àmọ́ òkè ò hó. Màmá na ọrùn láti orí irin etí gálárì, ojú rẹ̀ le.

"Alága, ẹ bi í. Kò tẹ̀ rárá?"

Alága wò mí. Mo ní, "Ó tẹ̀, sà, ṣùgbọ́n kò tó èékánná."

Alága gbójú sókè. "Ó ní kò tó èékánná."

"Gbogbo èmi yìí?" Inú bí i gidi. "Èmi pẹ̀lú gbogbo àwọn tó wà níbí? Ẹ sọ fún un kó tún un wọ̀n!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Òkèlè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti gbẹ. Màmá rí i. Ó tún na ọrùn sí i, títí àwọn áótò fi di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó wo àwo, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò tíì jẹun? Wo ọrùn rẹ bó ṣe rí. Uyán yẹn ń tutù, ọmọ mi."

Alága fi rúlà nà mí léjìká láti orí àkàbà. "Ẹnjiníà, ó ní kí n sọ fún ọ pé iyán ń tutù."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Èmi ló bá sọ ọ́."